Bakitéríà tó ń sọ iyanrìn di òkúta: omi kànga wa ńkọ́?

Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Kétu, Pọbẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀gbàrá máa ń ṣe. Á gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri, á la ojú ọ̀nà sí méjì, á sì kó yẹ̀pẹ̀ lọ. Ẹni tó lówó á ra sìmẹ́ǹtì; ẹni tí kò ní á kó òkúta àti ẹ̀ka igi dí i títí òjò mìíràn á fi dé. Àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ òkèèrè ń wá ọ̀nà kẹta: kí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ fúnra wọn máa so iyanrìn pọ̀.

Bakitéríà ni wọ́n ń pe irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò jù ń jẹ́ Sporosarcina pasteurii. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó máa fọ́ urée, ajílẹ̀ funfun tí àwọn àgbẹ̀ òwú àti àgbàdo wa ń rà lápò-lápò. Wọ́n á kọ́kọ́ da bakitéríà sínú iyanrìn, wọ́n á wá da omi tí wọ́n po urée àti iyọ̀ kálísíọ́mù mọ́ tẹ̀lé e. Bí bakitéríà ṣe ń fọ́ urée, ohun tó ń jáde níbẹ̀ á pàdé kálísíọ́mù, á sì di òkúta funfun láàárín hóró iyanrìn kan sí èkejì.

Òkúta yìí kì í ṣe àjèjì. Ohun tó wà lára ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin ni. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n ń wà ní Onígbólò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n kó tó di sìmẹ́ǹtì, ó gbọ́dọ̀ wọ iná tó gbóná tó nǹkan bíi 1450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti bakitéríà kò nílò iná kankan.

Ní ìlú Delft, lórílẹ̀-èdè Netherlands, Leon van Paassen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lórí iyanrìn 100 mítà kúbù, bí ẹrù ọkọ̀ iyanrìn mẹ́wàá. Ọjọ́ 16 ni wọ́n fi ń fún omi náà sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọ iyanrìn tí kò gan dànù, bí àpáta ni èyí tó kù rí. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Ṣùgbọ́n kò le dọ́gba: ibì kan le ju ibòmíràn lọ ju ìlọ́po mẹ́wàá. Bíríkìlà tó bá mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀, òun àti onílé á jọ dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀.

Ohun tó ń kọ wá lóminú gan-an ni omi. Òkúta nìkan kọ́ ló ń kù tí urée bá fọ́ tán. Amóníọ́mù náà ń kù, ìbátan ohun tó ń rùn nínú ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Tó bá pẹ́ nínú ilẹ̀, àwọn bakitéríà mìíràn á sọ ọ́ di nítíréètì, èyí tó léwu fún ọmọ ọwọ́ tó bá pọ̀ nínú omi mímu. Níbi tí owó àti ẹ̀rọ wà, wọ́n lè fa omi náà jáde kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ní abúlé tí kànga wà lẹ́yìnkùlé, ta ni yóò fà á? Yàtọ̀ síyẹn, àpò urée tí a bá dà sójú ọ̀nà, oko kan ni kò rí i lò.

Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà, ibùdó ìwádìí kan bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015 lábẹ́ Edward Kavazanjian. Níbẹ̀, wọ́n tún ń lo èròjà inú irúgbìn ẹ̀wà kan dípò bakitéríà. Ẹ̀wà sóyà pàápàá ní irú èròjà yìí. Wọ́n lè fọ́n ọn sójú ilẹ̀ kó di èèpo líle tí afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé. Urée ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èèpo fẹ́ẹ́rẹ́ kò gba púpọ̀ bíi ti abẹ́ ilẹ̀. Lójú tiwa, etí gọ́tà ló yẹ kí irú èyí ti bẹ̀rẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, níbi tó jìnnà sí kànga, kí wọ́n sì máa yẹ omi wò ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́.

Ikán kò tilẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Itọ́ ẹnu rẹ̀ ló fi ń mọ ọ̀gán tí òjò kì í tètè wó, àwọn àgbà wa sì mọ̀ ọ́n: yẹ̀pẹ̀ ọ̀gán ni wọ́n ń bù mọ ààrò.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìròyìn yìí lọ da urée sẹ́sẹ̀ ògiri ilé rẹ̀. Láìsí kálísíọ́mù àti òṣùwọ̀n tó péye, ògiri kò ní le sí i. Kànga lẹ̀ ń bà jẹ́.