Omi Kẹta: Òfin Ìfọṣọ Nínú Ilé ní Ìlọrin

Báàfù mẹ́ta ni aṣọ máa ń là kọjá nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin kí ó tó dé orí okùn. Nínú èkíní ni ọṣẹ wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ gbo ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Èkejì ń gba ọṣẹ kúrò. Ẹ̀kẹta ni omi tó mọ́ lóló, tí wọ́n fi ń ṣan án kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó kọ ètò yìí sára ògiri. Ẹ̀gbẹ́ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ni ọmọ ti ń kọ́ ọ: ìbọ̀sẹ̀ àti háńkáṣíìfù tirẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un, aṣọ iléèwé á tẹ̀lé e, kí wọ́n tó gbà á láyè láti fọwọ́ kan aṣọ àwọn àgbà. Ní àwọn ilé tó wà láyìíká Post Office, níbi tí ayálégbé mélòó kan ti máa ń pín ẹ̀yìnkùlé kan lò, Sátidé ni ọjọ́ ìfọṣọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọmọléèwé. Oníṣòwò tí kì í ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé a máa fọ tirẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Omi ló ṣe òfin tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Nílé tí omi ẹ̀rọ kì í ti í yọ déédéé, kànga tàbí bóòhóòlù ni wọ́n ń lò, tàbí kí wọ́n ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà tó ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì kiri. Ẹni tó fowó ra omi kì í lò ó lẹ́ẹ̀kan kó dà á nù. Ìdí nìyẹn tí aṣọ funfun fi ń ṣíwájú, tí aṣọ aláwọ̀ ń tẹ̀lé e, tí aṣọ dúdú àti jíǹsì ń bọ̀ lẹ́yìn, tí àkísà ìnulẹ̀ sì ń kẹ́yìn wọn. Omi ọṣẹ kan náà ni gbogbo wọn ń bá pàdé. Nígbà tó bá fi dé orí àkísà, omi ti dúdú, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí: wọ́n á fi fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí kí wọ́n dà á sí ilé ìyàgbẹ́. Wọ́n máa ń kọ́ni pé torí kí àwọ̀ aṣọ kan má baà ran òmíràn la ṣe ń ṣa aṣọ sọ́tọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí omi ti wọ́n, ọgbọ́n ìṣọ́mi-lò ni pẹ̀lú, ó sì yẹ ká yin àwọn ìyá tó gbé e kalẹ̀.

Omi pàápàá kò rí bákan náà. Odò Asà tó la Ìlọrin kọjá ni ará ìlú ti ń fọṣọ kí ẹ̀rọ omi tó dé. Ẹni tó bá sì ti pẹ́ nídìí báàfù mọ̀ pé ọṣẹ tètè ń hó nínú omi òjò ju omi kànga lọ. Ìyẹn ló ń mú kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù sẹ́nu ọ̀ṣọ̀rọ̀ lásìkò òjò, kí wọ́n sì fi omi rẹ̀ pamọ́ de aṣọ funfun. Omi tó bá gba inú ilẹ̀ àti àpáta kọjá máa ń kó àwọn èròjà bíi kálísíọ́mù àti magnésíọ́mù dání. Àwọn wọ̀nyí á so mọ́ ọṣẹ, wọ́n á di èérí funfun tó ń lẹ̀ mọ́ etí báàfù àti ara aṣọ. Bí ẹni tó ń fọṣọ bá wá ń fi ọṣẹ kún ọṣẹ, omi ló ń bọ́, kì í ṣe aṣọ ló ń fọ̀. Omi òjò kò ní èròjà wọ̀nyí, gbogbo ọṣẹ ló ń ráyè kọjú sí ìdọ̀tí.

Ọṣẹ dúdú ni Yorùbá fi ń fọṣọ látijọ́. Eérú èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí igi ni wọ́n ń fi omi sẹ́, wọ́n á sì sè é pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa títí yóò fi dì. Lọ́dún 1923 ni ilé-iṣẹ́ Lever Brothers fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú òwò ọṣẹ. Ọṣẹ gbọọrọ tí wọ́n ń gé tà wà lọ́jà kí ọṣẹ lúbúlúbú tó dé, nígbà tí ìyẹn sì dé, Omo lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi di ti gbogbo wọn. Oníbàárà á ní kí wọ́n fún òun ní Omo, ọlọ́jà á na Klin tàbí Ariel sí i, àwọn méjèèjì á sì gbọ́ra yé. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Unilever Nigeria, tí í ṣe Lever Brothers àná, kéde pé òun ń jáwọ́ nínú iṣẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ àti ọṣẹ ìwẹ̀ ní Nàìjíríà. Orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu èèyàn.

Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo ọṣẹ ń ṣe. Hóró rẹ̀ tí ojú kò lè rí ní orí tó fẹ́ omi, ó sì ní ìrù tó fẹ́ ọ̀rá. Ìrù á wọnú ọ̀rá tó di ìdọ̀tí mú, orí á wà nínú omi, bí ọwọ́ bá sì ti ń gbo aṣọ, ìdọ̀tí á tú, omi á gbé e lọ. Híhó kọ́ ló ń fọ aṣọ. Èyí ṣòro gbà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n: bí báàfù kò bá hó dé etí, wọ́n gbà pé aṣọ kò tíì rí ọṣẹ. Ohun tí àpọ̀jù ọṣẹ ń fà ni pé aṣọ á le, ara á máa yún ẹni tó wọ̀ ọ́, omi méjì tó yẹ kó ṣan án á di mẹ́rin. Kí aṣọ rẹ nínú omi ọṣẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣàǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ó bá di kí aṣọ aláwọ̀ sùn mọ́jú nínú omi, aró rẹ̀ á ṣí, òórùn á sì wọ̀ ọ́.

Omi kẹta tún ní ìtumọ̀ mìíràn fún àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ jù ní Ìlọrin. Aṣọ tí a ó fi kírun gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ nájísì, bí ìtọ̀, ìgbẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀. Ní ìlànà Málíkì, tó gbilẹ̀ jù láàárín Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, omi tí ohun mìíràn bí ọṣẹ bá ti yí àwọ̀, òórùn tàbí adùn rẹ̀ padà kò lè sọ aṣọ di mímọ́ fún ìrun, bó tilẹ̀ mú ìdọ̀tí kúrò. Omi tí kò yí padà ló gbọ́dọ̀ kọjá lára rẹ̀. Nítorí náà, bí omi ìṣanṣọ bá ṣì ń hó, aṣọ lè mọ́ lójú, ìyá ilé á ṣì ní kí wọ́n tún un ṣan. Aṣọ tí ọmọ tọ̀ sí kì í sì í bá tàwọn yòókù wọ báàfù. Wọ́n á kọ́kọ́ da omi sí i lọ́tọ̀. Ìtọ́jú aṣọ Jímọ̀ ju èyí lọ. Jalabíà tàbí agbádá funfun náà á gba búlúù díẹ̀ nínú omi ìkẹyìn, tó ń bo pípọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ẹni tó ń wò ó, á gba sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n pò tó ṣàn, wọ́n á sì ti lọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ní ti àbàwọ́n, ẹ̀jẹ̀ àti epo pupa yàtọ̀ síra pátápátá. Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀, nítorí omi gbígbóná máa ń sè é bí ìgbà tí a se ẹyin, á sì dì mọ́ òwú. Epo pupa fẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí a sì ti fi ọṣẹ pa ojú ibẹ̀ kí omi tó kàn án. Oòrùn á ṣá èyí tó bá kù. Òfin iyọ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń da iyọ̀ sómi àkọ́fọ̀ àdìrẹ tàbí àǹkárá, kí aró lè dúró. Iyọ̀ wúlò fún aláró nígbà tó bá ń pa irú àwọn aró kan, ṣùgbọ́n kò lè so aró mọ́ aṣọ tó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Aró ẹlú sì máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ ní tirẹ̀: omi tútù, báàfù tirẹ̀ lọ́tọ̀ àti ibi ìbòòji ni ìtọ́jú rẹ̀. Aṣọ òkè, tí Ìlọrin wà lára àwọn ìlú tó lórúkọ nídìí híhun rẹ̀, kì í rí ọṣẹ lẹ́yìn gbogbo òde. Wọ́n á nà án sí atẹ́gùn kí òógùn gbẹ, wọ́n á ká a. Sányán, tí okùn rẹ̀ ti ara kòkòrò wá, kò gbọ́dọ̀ rí bílíìṣì bíi Hypo tàbí Jik rárá, torí wọ́n á jẹ okùn náà. Kò sì yẹ kí wọ́n po Hypo mọ́ ọtí kíkan tàbí ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ tó máa ń tibẹ̀ jáde lè pa èèyàn.

Aṣọ òkìríkà máa ń gbé òfin tirẹ̀ wá láti ìlú òyìnbó, lára lébẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà nínú ọrùn tàbí ìhà rẹ̀. Ọdún 1971 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí àwọn tó ń rán aṣọ máa fi àlàyé ìtọ́jú sára rẹ̀. Àwọn àmì ti Yúróòpù wá láti ọwọ́ GINETEX, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1963. Abọ́ omi dúró fún fífọ̀, nọ́ńbà inú rẹ̀ sì ni ooru tí omi kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí ọwọ́ bá wà nínú abọ́, ọwọ́ ni kí a fi fọ̀ ọ́. Onígun mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ nípa Hypo àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tó ní ojú kan nínú kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 110 digirí lọ, olójú méjì 150, olójú mẹ́ta 200. Àmì tí wọ́n bá fa ìlà dábùú lé lórí, èèwọ̀ ni ohun tó dúró fún. Ó ṣeni láàánú pé lébẹ́ẹ̀lì yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ gé nù, nítorí ó ń rin wọ́n lọ́rùn.

Sísá aṣọ ní òfin tirẹ̀. Wọ́n máa ń yí inú aṣọ aláwọ̀ síta kí oòrùn má baà ṣá ojú rẹ̀. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ kì í wà níbi tí àlejò ti máa rí i, nítorí ìtìjú, bẹ́ẹ̀ oòrùn tó ń pa kòkòrò àrùn ló nílò jù. Ó sàn kí wọ́n sá a sí oòrùn kí wọ́n sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó ju kí ó máa gbẹ nínú yàrá lọ. Lásìkò ọyẹ́, aṣọ á gbẹ kíá, àmọ́ eruku á bà lé e bó bá pẹ́ níta. Lásìkò òjò, aṣọ tí kò tètè gbẹ máa ń rùn, àwọn onímọ̀ ní Japan sì fi hàn lọ́dún 2012 pé kòkòrò kan tó ń jẹ́ Moraxella osloensis ló wà nídìí òórùn náà.

Àwọn àgbà kì í jẹ́ kí aṣọ ọmọ ìkókó sùn síta, wọ́n á ní ohun burúkú lè fò kọjá lórí rẹ̀. Ohun kan tilẹ̀ wà tó ń fò. Eṣinṣin tumbu, tí onímọ̀ kòkòrò kan, Blanchard, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1872, máa ń yé ẹyin sórí iyanrìn àti sára aṣọ tó tutù tó wà níbi ìbòòji. Ìdin tó pa nínú ẹyin náà á wọ awọ ẹni tó bá wọ aṣọ, á sì wú bí oówo. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná, títí dé ojú ìránṣọ àti ìgbànú, ló ń pa á. Níbi yìí, lílọ aṣọ ti kọjá ọ̀ràn ẹwà, pàápàá fún aṣọ ọmọ àti àwọ̀tẹ́lẹ̀. Alágbàfọ̀ tó ń lo áyọ́ọ̀nù eléèédú nígbà tí iná kò sí mọ ìwọ̀n ooru rẹ̀ nípa títa omi sí i lójú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pe ara wọn ní dirai-kílínà, àmọ́ omi àti ọṣẹ ni wọ́n ń lò. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá gbọ́dọ̀ rí omi ní láti bèèrè kí ó tó fà á lé wọn lọ́wọ́.

Òfin kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé pa tì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ aṣọ ọmọ, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ ìyá máa ń ju káńfọ̀ sínú àpótí rẹ̀ kí aáyán àti kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú hóró funfun tí wọ́n ń pè ní káńfọ̀ lọ́jà jẹ́ naphthalene. Láàárín Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ni wọ́n bí pẹ̀lú àìtó èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ G6PD, tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Obìnrin tó ní i kéré sí wọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa naphthalene símú, tàbí tó ń gba awọ rẹ̀ wọlé láti ara aṣọ, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ á máa bẹ́. Òróró tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára tún ń mú kó tètè wọlé. Ohun pípọ́n tó ń jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ á pọ̀ ju agbára ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun lọ; bí ó bá dé ọpọlọ, ọmọ lè ya odi, ó lè rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ó sì lè kú. Owa, oníṣègùn ọmọdé ní Ilé-Ifẹ̀, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1989. Káńfọ̀ ṣì wà nínú àpótí.

Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ yìí kan aṣọ ìyá àti ìró tó fi ń pọn ọmọ náà, nítorí ara wọn ni ọmọ ń gbé imú lé. Ọmọ tí ojú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Gbígbé e sí oòrùn àárọ̀ kò lè dípò rẹ̀. Ní ti aṣọ rẹ̀, kí ó gbẹ dáadáa nínú oòrùn, kí áyọ́ọ̀nù kọjá lára rẹ̀, kí wọ́n sì kó o sínú àpótí tó ní ìdérí, láìfi ohunkóhun sí i.