Steven Spielberg: Kí ló dé tí bàbá kì í sí nílé nínú àwọn fíìmù rẹ̀?

Nínú fíìmù E.T., tó jáde lọ́dún 1982, ìyá kan ló ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta nínú ilé kan ní ìpínlẹ̀ California. Bàbá wọn ti bá obìnrin mìíràn lọ sí Mẹ́síkò. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ojú ìyá yí padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa rántí nínú fíìmù yẹn ni ẹ̀dá kékeré olójú ńlá tí ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Steven Spielberg tó darí rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé orí ìkọ̀sílẹ̀ àwọn òbí òun ni ìtàn náà ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀rẹ́ tí ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ fi ọkàn dá sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ni ẹ̀dá ojú ọ̀run náà.

Ẹni tó bá ti mọ èyí yóò máa rí i níbi gbogbo nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Nínú Close Encounters of the Third Kind (1977), bàbá fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, ó bá àwọn àjèjì wọkọ̀ lọ. Nínú Indiana Jones and the Last Crusade (1989), ọmọ ń wá bàbá tí kò ráyè tiẹ̀ rí láti kékeré. Nínú Hook (1991), iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí bàbá mọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Nínú Catch Me If You Can (2002), ìgbà tí ilé àwọn òbí rẹ̀ tú ni ọmọkùnrin náà sá jáde lọ di gbájúẹ̀. Spielberg sì ni olùdarí àkọ́kọ́ tí àpapọ̀ owó tí fíìmù rẹ̀ pa kárí ayé kọjá bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Gbogbo ayé ló ń sanwó wo ẹ̀dùn ọkàn ilé kan. Ohun tó ká mi lára jù níbẹ̀ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ẹ̀bi kò tọ́ sí ni ọmọ ilé náà di ẹ̀bi rù.

Ilé Arnold àti Leah

Ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 1946 ni wọ́n bí Spielberg ní ìlú Cincinnati, ìpínlẹ̀ Ohio. Júù ni ìdílé wọn. Ukraine ni àwọn òbí bàbá rẹ̀ ti ṣí wá sí Amẹ́ríkà. Arnold, bàbá rẹ̀, jẹ́ ẹnjiníà tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ RCA àti General Electric. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ rédíò ló ń ṣe láàárín àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ní ìhà Íńdíà àti Bọ́mà, ìhà ogun kan náà tí ọ̀pọ̀ bàbá àti bàbá àgbà tiwa lọ lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì. Leah, ìyá rẹ̀, mọ dùùrù tẹ̀ gan-an. Arnold kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, iṣẹ́ ló gbájú mọ́. Leah ní tirẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀rín àti àrà. Ó tiẹ̀ gbé ọ̀bọ kan wálé rí. Steven ni àkọ́bí, obìnrin ni àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n mú un lọ wò ni The Greatest Show on Earth, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ṣe jàǹbá ńlá. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tirẹ̀ kọlura, títí ó fi gbé kámẹ́rà kékeré tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀, tó sì ya ìkọlù náà sínú fíìmù kó lè máa wò ó nígbà tó bá wù ú láìba ọkọ̀ jẹ́ mọ́. Mo rò pé gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ohun tí ọmọ yẹn ṣe. Ohun tó dẹ́rù bà á ló tì mọ́nú fíìmù, tó wá di ọ̀gá lé e lórí.

Ìlú Phoenix ní Arizona ni wọ́n ń gbé nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ṣe fíìmù tó lé ní wákàtí méjì, Firelight, lórí àwọn ìmọ́lẹ̀ àràmàǹdà ojú sánmà. Nǹkan bí 500 dọ́là ló ná wọn. Alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n fi hàn án nínú tíátà kan níbẹ̀ ní 1964, èrè dọ́là kan ló sì kù sí wọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó lọ sí California. Ní iléèwé tó lọ níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bú u, wọ́n ń lù ú nítorí pé ó jẹ́ Júù. Ní 1966, Arnold àti Leah kọ ara wọn sílẹ̀.

Àárín Leah àti Bernie Adler, ọ̀rẹ́ Arnold tó máa ń wọlé tó máa ń jáde lọ́dọ̀ wọn, ti wọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Steven mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó rí i nínú àwòrán ìdílé tí òun fúnra rẹ̀ yà, ó sì bá ìyá rẹ̀ pa àṣírí náà mọ́. Ní 1967, Leah fẹ́ Bernie. Àmọ́ Arnold ti sọ fún àwọn ọmọ pé òun lòun fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ náà, kò sì yí i padà. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí Steven mọ̀, bàbá ló bínú sí. Ìyá ga jù lójú rẹ̀ láti jẹ̀bi. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àárín bàbá àti ọmọ kò gún.

Ẹja tí kò ṣiṣẹ́

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fíìmù ní Yunifásítì Southern California kọ̀ láti gbà á nítorí pé èsì ìdánwò rẹ̀ kò dára tó. Ó ti dàgbà kí wọ́n tó sọ fún un pé irú ọpọlọ kan ló ní tó ń mú kí ìwé kíkà ṣòro fún èèyàn láti kékeré. Yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Long Beach ló gbà á. Fíìmù kékeré kan tó pè ní Amblin' ló mú kí Sidney Sheinberg, ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ Universal, fún un ní àdéhùn ọdún méje. Ó fi iléèwé sílẹ̀, kò sì padà lọ gboyè rẹ̀ títí di 2002, nígbà tó ti gba Oscar ju ẹyọ kan lọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ Jaws, ìtàn ẹja àkurákudà tó ń pa àwọn tó wá lúwẹ̀ẹ́ ní etíkun ìlú kan. Ojú òkun gidi ní erékùṣù Martha's Vineyard ló ní òun ti máa yà á, kì í ṣe inú adágún ilé iṣẹ́ fíìmù. Ọjọ́ 55 ni wọ́n ṣètò. Ọjọ́ 159 ni wọ́n lò. Omi iyọ̀ ń ba àwọn ẹja ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe jẹ́ ṣáá, àwọn ẹja tí wọ́n sọ ní Bruce tẹ̀lé orúkọ lọ́yà Spielberg. Owó tí wọ́n ná sì ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ.

Nígbà tí ẹja kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, Spielberg ní láti ya fíìmù ẹja láìsí ẹja. Ó fi kámẹ́rà sí ibi tí ojú ẹja ì bá wà nísàlẹ̀ omi, tó ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lókè. Ó jẹ́ kí àgbá aláwọ̀ òféèfèé máa sáré lórí omi kí a lè mọ̀ pé nǹkan ń fà á. John Williams fi ohùn orin méjì péré ṣe ìyókù. Ó lé ní wákàtí kan kí òǹwòran tó rí ẹja náà dáadáa, ara wọn sì ti ń gbọ̀n tipẹ́. Bí Bruce bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dá mi lójú pé fíìmù náà kò ní dára tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 20, oṣù Kẹfà, ọdún 1975 ni Universal gbé Jaws jáde ní ilé sinimá tó lé ní 400 lọ́jọ́ kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti polówó rẹ̀ kíkan-kíkan lórí tẹlifíṣọ̀n. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, fíìmù tí wọ́n kà sí pàtàkì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé sinimá díẹ̀ nínú àwọn ìlú ńlá, kó tó máa rìn díẹ̀díẹ̀ dé ibi tó kù. Àkókò ìsinmi ìgbà ooru kì í sì í ṣe àkókò tí wọ́n ń kó ọjà gidi jáde. Jaws yí gbogbo rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ Hollywood ti ń fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ díwọ̀n ayé fíìmù, tí ìtàn tó nílò sùúrù kò sì ríbi dúró mọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Spielberg nígbà náà. Ní 2022 ó sọ fún BBC pé òun kábàámọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe dojú ìjà kọ ẹja náà nínú òkun lẹ́yìn fíìmù yẹn.

Ọdún 1993

Ọdún kan ṣoṣo ni Jurassic Park àti Schindler's List jáde. Ilẹ̀ Póláńdì ló ti ń ya Schindler's List, ìtàn bí àwọn Násì ṣe pa àwọn Júù, bí alẹ́ bá sì lẹ́, yóò jókòó ti sátẹ́láìtì láti parí iṣẹ́ dáínọ́sọ̀ Jurassic Park tó wà ní California. Aláwàdà Robin Williams a máa pè é lórí fóònù kó lè rẹ́rìn-ín. Ó kọ̀ láti gba owó lórí Schindler's List. Owó ẹ̀jẹ̀ ló pè é. Ó dá Shoah Foundation sílẹ̀ ní 1994, àjọ tó ti gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn tó lé ní 50,000 tí wọ́n la ìpakúpa náà já tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣojú wọn. Southern California, yunifásítì tó kọ̀ ọ́ nígbà èwe, ni àjọ náà fìdí kalẹ̀ sí lónìí.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn Schindler's List ló ṣe Amistad, ìtàn àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n tà ní Havana, tí wọ́n sì gba ọkọ̀ mọ́ àwọn tó ń kó wọn lọ́wọ́ ní 1839. Djimon Hounsou, ọmọ bíbí Kùtọ̀nú, ni akọni rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òkìkí Hounsou ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni.

Bàbá ọmọ méje

Spielberg náà kọ ìyàwó sílẹ̀ rí. Òun àti òṣèré Amy Irving ṣègbéyàwó ní 1985, wọ́n sì pínyà ní 1989. Kate Capshaw, tó pàdé nígbà tí wọ́n ń ṣe Indiana Jones kejì, ló fẹ́ ní 1991. Ọmọ méje ni wọ́n jọ tọ́, àwọn tí wọ́n jọ bí, àwọn tí wọ́n gbà tọ́ àti àwọn tí kálukú wọn ti bí kí wọ́n tó fẹ́ra. Ọmọ títọ́ yí ìtàn rẹ̀ padà. Ó sọ pé ká ní òun ti di bàbá ni, òun kò ní jẹ́ kí ọkùnrin inú Close Encounters fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Nínú War of the Worlds (2005), àwọn àjèjì tún dé, ṣùgbọ́n bàbá di ọmọ rẹ̀ mú títí dé òpin.

Ó ti bá Arnold parí ìjà kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Nítorí bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ sógun ló ṣe Saving Private Ryan (1998), nígbà tó sì gba Oscar lórí rẹ̀, bàbá ló yà á sí mímọ́ fún. Ní 2012, wọ́n bi Arnold lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà pé kí ló dé tó fi gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òun ń dáàbò bo Leah ni, nítorí pé òun ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Bernie ti kú láti 1995, àwọn àgbàlagbà méjèèjì sì ti tún di ọ̀rẹ́ ara wọn.

Anne, àbúrò Spielberg, ti kọ ìtàn ìdílé wọn sílẹ̀ fún fíìmù kan láti nǹkan bí 1999, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bẹ̀rù pé yóò dun àwọn òbí wọn. Leah kú ní 2017 ní ẹni ọdún 97, Arnold ní 2020 ní ẹni ọdún 103. Ní 2022 ni The Fabelmans jáde. Orúkọ ni wọ́n yí padà. Ilé wọn ni. Ọmọkùnrin náà ń to àwòrán ìpàgọ́ ìdílé wọn pọ̀ nínú yàrá rẹ̀ nígbà tó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ nínú ọwọ́ ọ̀rẹ́ bàbá. Ìyá ló kó kúrò nílé. Bàbá, tí Paul Dano ṣe, ló jókòó ti ọmọ.

Ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 40 dọ́là tí fíìmù yẹn pa kárí ayé, èyí tí kò tó ìdá mẹ́wàá owó Jaws, bẹ́ẹ̀ nígbà Jaws, tíkẹ́ẹ̀tì kò wọ́n. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar méje, kò gba ìkankan. Àwọn kan pè é ní àdánù nítorí èyí. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn: nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe, òun ni mo kà sí èyí tó gba ìgboyà jù, òun sì ni mo máa kọ́kọ́ ní kí ẹni tí kò tíì wo Spielberg rí wá wò.