Bí Ìbéèrè Owó Ìsinmi Ìbímọ Bá Pẹ́

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà kí ẹ tó bímọ, tí wọ́n sì ń yọ owó EI (ètò ìbánigbófò iṣẹ́) nínú owó oṣù yín, ẹ̀tọ́ yín ni owó ìsinmi ìbímọ. Àmọ́ ẹni tó bá béèrè nìkan ló ń rí i gbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ ní láti fi béèrè, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Wọn kì í ka ọjọ́ náà láti ìgbà ìkómọ, wọn kì í sì í kà á láti ìgbà tí iléeṣẹ́ bá tó fi ìwé ROE ránṣẹ́. ROE yìí, tó ń sọ iye wákàtí tí ẹ fi ṣiṣẹ́, ló ń dá ọ̀pọ̀ abiyamọ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè é. Ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí Service Canada, ọ́fíìsì ìjọba tó ń gba ìbéèrè EI, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ROE máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ tó wákàtí 600 láàárín ọ̀sẹ̀ 52 lè gba owó ìbímọ fún ọ̀sẹ̀ 15. Owó ìtọ́jú ọmọ tẹ̀lé e, bàbá ọmọ náà sì lè pín nínú rẹ̀. Ní Quebec, ètò tiwọn yàtọ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá ti kọjá ńkọ́? Ẹ béèrè lónìí náà, kí ẹ sì kọ̀wé pé kí wọ́n kà á láti ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ti béèrè. Wọn yóò fẹ́ ìdí tó mọ́gbọ́n dání, tó sì bo gbogbo àkókò tí ẹ fi pẹ́. Bí àìsàn bá dá yín dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹ sì fi oṣù mẹ́ta pẹ́, wọn yóò bi yín léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ara yá. “N kò mọ òfin” nìkan kò tó. Ohun tó lè gbà yín ni ẹ̀rí pé ẹ wádìí: ọjọ́ tí ẹ pè wọ́n, ohun tí wọ́n sọ fún yín, ìwé ilé ìwòsàn. Ẹ tètè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí oorun kì í tó ìyá ọmọ tuntun, nǹkan sì ń tètè kúrò lọ́kàn.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ìdáhùn ni wọ́n ti ń kà á, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí lẹ́tà dé sí ẹ̀yìn àpò ìwé rẹ̀.