Yíyí Ọkọ̀ Ìṣeré Elépo Nitro Padà sí Oníná: Àlàyé Iṣẹ́-Ọwọ́ ní Èdè Yorùbá fún Olùkọ́ni

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń yọ ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo nitro kúrò nínú ọkọ̀ ìṣeré onírìmóòtù, tí a sì ń fi mọ́tọ̀ oníná tí kò ní kábọ̀n rọ́pò rẹ̀. Èrò wa ni pé bí orísun agbára ọkọ̀ bá ti yí padà, iṣẹ́ gbogbo ẹ̀yà tó kù yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fi èdè tó gbọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fún yóò mọ ohun tó yẹ ní yíyọ, ohun tó yẹ ní fífi sílẹ̀, àti ibi tí ewu wà.

Ìfáárà

Láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ lórí fífi èdè Yorùbá kọ́ni ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò yẹ kí a tún máa jiyàn bóyá èdè wa lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tó kù ni kí a máa ṣe é. A yan ọkọ̀ ìṣeré nítorí pé ó gba orí tábìlì, síbẹ̀ ó ní ṣásí, jíà àti bíréèkì bíi ti ọkọ̀ ńlá. Irú èyí tí a ní lọ́kàn ni T-Maxx, tí ilé-iṣẹ́ Traxxas ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1999. Ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ti kú tán kí ṣásí rẹ̀ ṣì le koko. Èyí ló mú kí àwọn tó ní i máa wá ọ̀nà láti sọ ọ́ di oníná.

Nínú iṣẹ́ yìí, odidi rẹ̀ là ń pè ní "ọkọ̀". A fi "mọ́tọ̀" sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí iná ń yí, irú èyí tó wà nínú fáànù.

Bí ẹ́ńjìnnì nitro ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá ti po bẹntiróòlù mọ́ ọ́ìlì fún jẹnẹrétọ̀ kékeré rí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ìyá jẹnẹrétọ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì nitro: ọ́ìlì inú epo ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin. Ṣùgbọ́n methanol ló wà nínú epo tirẹ̀ dípò bẹntiróòlù, pẹ̀lú nitromethane tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í ta pàrà. Wáyà tín-ín-rín tó ní platinum lára ló máa ń pọ́n yòò nínú rẹ̀. Bátìrì kékeré la fi ń mú un gbóná níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, a ó yọ bátìrì náà.

Ẹ́ńjìnnì yìí kò lè dúró jẹ́ẹ́ kó má kú, kò sì lè dá ọkọ̀ dúró. Nítorí náà ni a ṣe fún un ní kílọ́ọ̀ṣì tí bàtà rẹ̀ máa ń ṣí síta láti di agogo rẹ̀ mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sáré. Nítorí rẹ̀ náà ni bíréèkì àti servo tó ń fa kábúrétọ̀ pọ̀ mọ́ bíréèkì ṣe wà níbẹ̀.

Mọ́tọ̀ tí kò ní kábọ̀n

Nínú mọ́tọ̀ brushless, òòfà wà lára ọ̀pá tó ń yí, wáyà tí a wé sì yí i ká. Kò sí kábọ̀n tó ń ha ohunkóhun, nítorí náà kò sí kábọ̀n tí yóò jẹ tán. Wáyà mẹ́ta ló jáde lára rẹ̀. Ẹ̀rọ aṣàkóso ló ń gba iná lọ́wọ́ bátìrì, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, kí òòfà lè máa sá tẹ̀lé e.

Lára mọ́tọ̀ kan tí a lò ni a ti rí "2000Kv". Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sún sẹ́yìn: ó rò pé kílófóòtì ẹgbẹ̀rún méjì ni. A kò bá a wí, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ ọ nínú físíìsì náà ló kà síbẹ̀. Nígbà tí a ṣàlàyé pé ó túmọ̀ sí "iye ìgbà tí mọ́tọ̀ yóò yí ní ìṣẹ́jú kan fún fóòtì kọ̀ọ̀kan, bí kò bá ru ẹrù", òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìṣirò tó kù. Bátìrì onísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 3.7, jẹ́ fóòtì 14.8. Ìsọdipúpọ̀ 14.8 àti 2000 jẹ́ 29,600.

Ohun tí a ń yọ àti ohun tí a ń fi sílẹ̀

1. A ó kọ́kọ́ da epo tó kù nù síbi tí iná kò sí, a ó sì fọ ọ́ìlì kúrò lára ṣásí.

2. A ó yọ ẹ́ńjìnnì, táńkì epo, sàlẹ́ńsà, kílọ́ọ̀ṣì ẹ́ńjìnnì àti servo kábúrétọ̀. A lè yọ bíréèkì onírin pẹ̀lú, nítorí aṣàkóso lè dá mọ́tọ̀ dúró, ó sì lè yí i sẹ́yìn. Servo tó ń yí táyà iwájú kò kúrò.

3. A kò ní yọ kílọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lára jíà ńlá. Òun ló ń yọ̀ díẹ̀ kí eyín jíà má baà ká nígbà tí agbára bá dé lójijì, mọ́tọ̀ sì ń mú agbára wá lójijì ju ẹ́ńjìnnì lọ.

4. A ó de mọ́tọ̀ mọ́ páálí álúmíníọ̀mù tó nípọn. Eyín jíà kékeré orí mọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ bá ti jíà ńlá mu ní ìwọ̀n. A ó fi bébà pẹlẹbẹ há àárín jíà méjèèjì, a ó dè wọ́n, a ó sì fa bébà náà yọ; àlàfo tó yẹ nìyẹn.

5. A ó gbé bátìrì sí ibi tí ìwúwo rẹ̀ kò ti ní fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí mọ́tọ̀ bá ń yí sí ọ̀nà òdì, a ó pààrọ̀ méjì nínú wáyà mẹ́ta rẹ̀. Wáyà bátìrì kò gba irú eré bẹ́ẹ̀: bí a bá gbé pupa sípò dúdú, aṣàkóso jó nìyẹn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí àwa ṣe é, iye eyín tó wà lára agogo kílọ́ọ̀ṣì ni a fi sí orí mọ́tọ̀. Kò pẹ́ tí ọwọ́ kò fi lè dúró lára mọ́tọ̀ náà mọ́. A dín eyín jíà kékeré kù, ooru náà sì rọlẹ̀. Kò yẹ kí mọ́tọ̀ kọjá nǹkan bíi dígírì 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, nítorí ooru àpọ̀jù ń pa agbára òòfà.

Ewu tó ṣípò padà

Methanol jẹ́ májèlé, ọwọ́ iná rẹ̀ kì í sì í hàn dáadáa lójú oòrùn. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ewu mìíràn ti gba ipò rẹ̀. Bátìrì lithium polymer tí a bá ṣì lò lè gbiná. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju fóòtì 4.2 lọ, kò sì yẹ kó dín sí fóòtì 3. A gbọ́dọ̀ ṣètò aṣàkóso kó lè dáwọ́ dúró kó tó débẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbaṣáàjì tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba la ó lò. Bátìrì 5000 mAh yóò gba áńpíà 5, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ àyàfi bí ẹni tó ṣe é bá kọ ọ́ sára rẹ̀. A kì í fi í sílẹ̀ lórí ṣáàjì kí a máa lọ. Èyí tó bá ti wú kò gbọdọ̀ gba ṣáàjì mọ́. Kí garawa iyanrìn gbígbẹ wà nítòsí.

Ìkádìí

Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni láti yọ èyí, kí a fi tọ̀hún sí i, láìsọ ìdí rẹ̀, ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò fi jíà ẹ́ńjìnnì sórí mọ́tọ̀, tí yóò sì fi bátìrì tó wú sórí ṣáàjì. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì wa jọ dúró ti tábìlì iṣẹ́ kan, kí wọ́n jọ ṣe àkójọ orúkọ ẹ̀yà ẹ̀rọ pẹ̀lú iṣẹ́ wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń fi Haúsá, Ígbò àti èdè mìíràn kọ́ni lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ kan náà lórí tábìlì tó fún gbogbo wa.