Báwo ni ilé kéú ṣe lè mọ̀ bóyá ìrun kíkí ti mọ́ ọmọ lára?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Islamiyya ní àríwá Nàìjíríà, bí àkókò ìrun bá tó, ẹ̀kọ́ á dúró, àwọn ọmọ á ṣe àlùwàlá, wọn á sì tò sórí sáàfù.

Bí gbogbo wọn bá pé, ó rọrùn láti sọ pé ètò náà yege. Àmọ́ ojú olùkọ́ wà lára wọn nígbà náà. Nínú ìrun márùn-ún òòjọ́, ẹyọ kan tàbí méjì ló sábà máa ń bọ́ sí àkókò ilé ẹ̀kọ́. Ilé ni ọmọ ti máa ń kí Àsùbáà àti Ìṣáì.

Hádíìsì kan nínú àkójọ Abu Dawud ní kí òbí máa pàṣẹ ìrun fún ọmọ láti ọdún 7, kí ìbáwí sì wọ̀ ọ́ tó bá di ọdún 10. Ìyẹn ni pé ọdún mẹ́ta gbáko wà fún ìkọ́ni ṣáájú ìbáwí.

Ìbéèrè mẹ́rin

Ní Indonesia, àwọn olùwádìí máa ń fi ìlànà CIPP, tí Daniel Stufflebeam ọmọ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, yẹ irú ètò yìí wò. Ó ń béèrè pé: Kí ni àwọn ọmọ nílò? Kí ló wà nílẹ̀ láti fi ṣe é? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Kí ló yọrí sí?

Ìbéèrè wọ̀nyí ń tú ohun tí kíka orí kò lè fi hàn. Bí ẹ̀rọ omi bá jẹ́ ẹyọ kan fún ọgọ́rùn-ún ọmọ, ẹni tó wà lẹ́yìn lè pàdánù ìrun jámáà láìjẹ́ pé ó ya ọ̀lẹ. Ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ kírun. Bí ìwé olùkọ́ bá kọ ọ́ mọ́ àwọn tó sá ìrun, ìtìjú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Kí ló yẹ kí wọ́n wò?

Ṣé ọmọ mọ àlùwàlá ṣe dáadáa? Ṣé ó mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kà? Ṣé ó ń kírun nígbà ọlidé láìjẹ́ pé wọ́n pè é? Òbí ló lè dáhùn èyí tó kẹ́yìn. Àmọ́ bí ìdáhùn òbí bá ń di ẹgba ní ilé ẹ̀kọ́, kò ní pẹ́ tí ọmọ yóò fi kọ́ irọ́ pípa.

Olùkọ́ kankan kò lè fi máàkì wọn àníyàn ọkàn. Ohun tó lè ṣe ni kó wá omi, kó ṣàlàyé, kó sì fún ọmọ ní àsìkò.