Bọ́ọ̀dù Tó Ń Sọ Ìsọkúsọ: Ọ̀rọ̀ Baud Rate àti Ṣéńjì Tí Driver Gbé Mì

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ lórí Arduino, ìbéèrè kan ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Mo ra bọ́ọ̀dù kékeré kan ní Computer Village, mo so ó mọ́ laptop mi, mo ní kó kọ BAWO NI, àmọ́ àmì ìbéèrè àti àwọn lẹ́tà rádaràda ló ń kọ. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?"

Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹ tó tún ná owó míì, ẹ jẹ́ ká wo ibòmíràn. Ara bọ́ọ̀dù lè dá ṣáṣá, kó jẹ́ pé ìṣirò pípín kan ṣoṣo nínú sọ́fítíwíà ló da gbogbo ọ̀rọ̀ rú.

Lórí serial, ẹni méjì ló ń bára wọn sọ̀rọ̀: bọ́ọ̀dù lápá kan, kọ̀ǹpútà lápá kejì. Wáyà kan ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, wáyà kan ń gbé e bọ̀. Kò sí wáyà kankan tó ń gbé aago. Ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó ń lu agogo fún wọn pé "ó yá, bíìtì kejì ti dé." Àdéhùn nìkan ló wà: bíìtì 9600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí 115200, tàbí iye mìíràn tí wọ́n bá jọ fẹnu kò lé lórí. Àdéhùn yẹn là ń pè ní baud rate. Orúkọ náà wá láti ara Émile Baudot, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tẹligíráàfù tirẹ̀ ní ọdún 1874.

Lẹ́tà kan ṣoṣo máa ń di bíìtì 10 lórí wáyà: bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ kan, bíìtì 8 tó jẹ́ lẹ́tà náà gan-an, àti bíìtì ìparí kan. Bí bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ bá ti dé, ẹni tó ń gbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago tirẹ̀, á sì máa yọjú wo àárín bíìtì kọ̀ọ̀kan: ṣé 0 ni àbí 1? Tí aago rẹ̀ bá fi díẹ̀ yára ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ, á máa tètè yọjú. Ní bíìtì àkọ́kọ́, kò hàn. Ní ìkẹjọ, ó ti ń sún mọ́ etí bèbè. Bíìtì ìparí ni ìdánwò tó le jù, torí àárín rẹ̀ fi bíìtì 9 àbọ̀ jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀. Tí aṣìṣe bá ti kó jọ tó ìdajì bíìtì kó tó débẹ̀, bíìtì tí kì í ṣe tirẹ̀ ló máa kà. Ẹ fi 9 àbọ̀ pín ìdajì, ẹ ó rí díẹ̀ lé ní 5%.

5% yẹn ni gbogbo àyè tó wà fún àwọn méjèèjì pa pọ̀, tí nǹkan míì ò bá sì yọ wọ́n lẹ́nu rárá. Ní ti gidi, nǹkan míì máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìwé àlàyé ATmega328P, ṣíìpù tó wà lórí Arduino Uno, dámọ̀ràn pé kí aṣìṣe má ju 2% lọ. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé lẹ́tà tuntun kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ ìkà látorí òdo, kì í jogún aṣìṣe lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀.

Èmi tó jẹ́ pé ohùn ni mò ń gbà sílẹ̀ lójoojúmọ́, irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí mi. Tí a bá gba ohùn mi sílẹ̀ ní 44100, tí ẹ̀rọ kan wá ń gbé e jáde ní 48000, ó máa fi nǹkan bí 9% yára, ohùn mi á sì tín-ín-rín bíi ti ọmọdé. Síbẹ̀ ẹ máa gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Etí ènìyàn máa ń dárí jini. Serial kì í dárí jini: pẹ̀lú 9%, ìwọ̀nba lẹ́tà ló máa dé láìfarapa.

Níbo wá ni aṣìṣe ti ń wọlé? Kírísítàlì kọ́ ló sábà máa ń fà á, torí aṣìṣe ti kírísítàlì kéré gan-an. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé inú ṣíìpù kò ní aago tó ń lù ní 115200. Aago ńlá kan ló wà, ṣíìpù á máa ka bó ṣe ń lù, tí ó bá ka iye kan tán, á ní bíìtì kan ti pé. Iye yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi. Ẹ ò lè sọ fún un pé kó ka mẹ́jọ àti díẹ̀.

Àwọn tó ṣe IBM PC ní 1981 fọgbọ́n yẹra fún èyí. Kírísítàlì 1.8432 MHz ni wọ́n fi sórí káàdì serial rẹ̀. Ṣíìpù ń yọjú wo bíìtì kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 16, nítorí náà ẹ fi 16 pín 1,843,200: 115,200 géérégé, kò sí ìyókù. Ẹni tó bá ti ń ronú pé ibo ni irú nọ́ńbà wúruwùru bíi 115200 ti wá, ọ̀kan lára ìdí tó fi wà káàkiri nìyẹn.

Arduino Uno ní tirẹ̀, 16 MHz ni aago rẹ̀. Ẹ fi 16 pín in, ẹ tún fi 115200 pín ohun tó kù. 8.68.

Ibí yìí ni driver ti wọlé. Kì í ṣe ti dánfó o. Driver ni sọ́fítíwíà tó dúró láàárín ẹ̀rọ àti ètò tí ẹ ń lò: ẹ̀yin á ní ẹ fẹ́ 115200, òun ló máa sọ ọ́ di nọ́ńbà odidi tí ṣíìpù ń retí. Àmọ́ bí kì í tilẹ̀ ṣe ti dánfó, ó ní kọndọ́ tirẹ̀. Ní èdè C tí wọ́n fi ń kọ driver, tí ẹ bá fi odidi pín odidi, ìyókù á wọmi. 8.68 á di 8. Kọndọ́ ti ní kò sí ṣéńjì, 0.68 yín ti lọ nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí ṣéńjì yẹn ná wa. Pẹ̀lú 8, iyára gidi á jẹ́ 125,000, ó fi 8.5% ju ohun tí ẹ béèrè lọ. Ìsọkúsọ pátápátá. Tí driver bá mú odidi tó sún mọ́ 8.68 jù, ìyẹn 9, iyára á jẹ́ 111,111, ó fi 3.5% dín. Ó sàn, àmọ́ mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé e: òun ni irú èyí tó máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tó máa kọ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀nà kẹta ni pé kí ṣíìpù máa yọjú ní ìgbà 8 dípò 16. Ìpín á di 17.36, ẹ mú 17, iyára á jẹ́ 117,647, aṣìṣe á jẹ́ 2.1%. Ọ̀nà yìí ni sọ́fítíwíà Arduino fúnra rẹ̀ ń gbà. Ó fi díẹ̀ kọjá ìmọ̀ràn ìwé, ó sì ń ṣiṣẹ́, tí ẹni tó wà lódìkejì bá péye.

Ta ló wà lódìkejì? Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, CH340 ni, ṣíìpù ilé iṣẹ́ WCH ní orílẹ̀-èdè China, òun ló so bọ́ọ̀dù mọ́ USB. Driver rẹ̀ nínú Linux ń jẹ́ ch341. Aago 48 MHz ni driver náà fi ń ṣírò. Fún iyára tó ga, á kọ́kọ́ fi 4 pín in, ó di 12 MHz, lẹ́yìn náà á wá odidi tí kò ju 256 lọ láti fi pín ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ fẹ́ 256000. 12,000,000 tí a fi 256,000 pín jẹ́ 46.875. Kọndọ́ á mú 46, iyára á di 260,870, aṣìṣe á jẹ́ 1.9%. Tí ó bá mú 47, iyára á di 255,319, aṣìṣe ò ju 0.27% lọ. Ó fi ìlọ́po méje péye jù, láìra wáyà, láìpààrọ̀ kírísítàlì. Ẹyọ kan péré la fi kún nọ́ńbà kan.

Bí driver ch341 ṣe ń ṣe é báyìí wù mí. Kò kàn wo bóyá ìyókù ju ìdajì lọ. Ó máa ṣírò iyára tí odidi kìíní máa mú wá àti ti èyí tó tẹ̀ lé e, á wá mú èyí tó sún mọ́ ohun tí ẹ béèrè jù. Ṣé ìyàtọ̀ wà? Wà. Ẹ fojú inú wo ìpín 2.45. Ìyókù kò tó ìdajì, ẹ ó mú 2. Àmọ́ 2 máa fi 22.5% ga jù, 3 á sì fi 18.3% lọ sílẹ̀. 3 ló sún mọ́ ọn jù! Ìdí ni pé bí nọ́ńbà ìpín bá ṣe ń ga ni iyára ń lọ sílẹ̀, wọn kì í bára wọn rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. (Méjèèjì ò wúlò fún iṣẹ́ kankan, àpẹẹrẹ ni.) Tí nọ́ńbà ìpín bá ti tóbi, ìyàtọ̀ yẹn á parẹ́, ìdí nìyẹn tí apá gbogbogbòò serial nínú Linux fi ń mú odidi tó sún mọ́ jù lásán. Torí pé odidi nìkan ni driver yìí sì fi ń ṣírò, ó máa ń fi 16 sọ iyára di púpọ̀ kó tó fi wọ́n wéra, kí ṣéńjì má tún sọnù níbi ìfiwéra fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí 1.9%, nígbà tí ìwé ní 2% kò burú? Torí pé aṣìṣe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni serial ń san. Ní 115200, Arduino yín fi 2.1% ga. CH340 tí driver rẹ̀ péye fi 0.16% ga, nítorí náà àlàfo wọn jẹ́ nǹkan bí 2%, wọ́n á gbọ́ra wọn. Ká ní driver lọ fi 2% lọ sílẹ̀ ní tirẹ̀, àlàfo á di 4%, tí kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ẹ lè tọ́ka sí pé òun ló bà á jẹ́. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀dù nù, ibí yìí ni owó wọn ń bá lọ.

Iyára kékeré kì í sábà ní wàhálà yìí. Lórí Uno, ìpín fún 9600 jẹ́ 104.17. Kọndọ́ gbé 0.17 mì, aṣìṣe ò sì ju 0.16% lọ. Ẹni tó fi serial so inverter ilé rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ní 2400 lè lo driver burúkú fún ọdún márùn-ún láìmọ̀. Bí àwọn ṣíìpù kan bíi STM32 bá sì wà lọ́wọ́ yín, wọ́n mọ ìdá mẹ́rìndínlógún, ṣéńjì kéékèèké wà lọ́wọ́ wọn: láti 16 MHz, wọ́n lè mú 115,108 jáde, aṣìṣe 0.08%.

Ohun kan tí mo máa ń bá àwọn tó ń kọ driver jà lé lórí: tí ẹ ò bá lè fún mi ní iyára tí mo béèrè, ẹ sọ iye tí ẹ fún mi. Linux ní ọ̀nà tí driver fi lè kọ iyára gidi padà fún ètò tó béèrè. Èyí tó dákẹ́, tó ń ṣe bí ẹni pé 115200 ni, mo ka ìyẹn sí irọ́.

Fún ẹ̀yin tí bọ́ọ̀dù ń sọ ìsọkúsọ lọ́wọ́: ẹ kọ́kọ́ rí i pé iyára tó wà nínú kóòdù yín àti èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà jọ bára mu. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé méjèèjì sí 9600. Tí ọ̀rọ̀ bá já gaara níbẹ̀, tó sì rú ní 115200, bọ́ọ̀dù yín kò kú, ẹ gba driver tuntun. Kí ẹ sì tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ gbìyànjú 250000. Ó dà bíi nọ́ńbà tí ẹnì kan kàn fẹnu sọ, àmọ́ ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín ṣe é: láti 16 MHz, 4 géérégé ni ìpín rẹ̀, láti 12 MHz ti CH340, 48 géérégé. Ó yára ju 115200 lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, kò sì sí ṣéńjì kankan tí ẹnikẹ́ni lè gbé mì. Ẹ fi ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp.