Àlùmọ́gàjí tó ń kàwé kó tó gé DNA (ohùn admin, alẹ́ ọjọ́ Àìkú)

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ owó àjọ di ọ̀la. Ìbéèrè méjì ló wọlé lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá kan ní ọmọ òun tó wà ní SS2 ń sọ pé nǹkan kan láti ara bakitéríà ni wọ́n fi ń gé DNA èèyàn, ó ní ṣé kì í ṣe ìsọkúsọ ni ọmọ yẹn ń sọ. Ẹnì kejì, mi ò ní dárúkọ o, AS ni òun, AS ni ọkọ rẹ̀, oyún sì ti dúró. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè mọ genotype ọmọ náà kí wọ́n tó bí i. Ìdáhùn kan náà ló ń bọ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì.

Ọmọ yẹn ò sọ ìsọkúsọ rárá. DNA ni ìwé tí ara ń kà kó tó mọ ohun tó máa ṣe. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, A, T, G àti C, àmọ́ tiwa gùn tó bílíọ̀nù 3 lẹ́tà. Bakitéríà náà ní tiẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì a máa wá bá bakitéríà, a ti DNA tiẹ̀ bọ̀ ọ́ nínú, a fẹ́ sọ ilé onílé di tiẹ̀. Ohun tí bakitéríà fi ń jà ni ẹ́ńsáìmù kan tó ń ṣe bí àlùmọ́gàjí, á gé DNA àlejò yẹn wélewèle. Kí ló dé tí kì í gé tara ẹ̀? Ó ti sàmì sí tiẹ̀, bí àwa náà ṣe ń fi ọ̀dà sàmì sí àpò ẹrù wa kó tó wọ mọ́tò. Werner Arber, Hamilton Smith àti Daniel Nathans gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1978.

Kì í ṣáà gé ibi tó bá rí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ańkárá (kì í ṣe ẹ̀yin onígbá-ọkírìkà, tiyín ti di rírán), ká ní ẹ ní àlùmọ́gàjí kan tí kì í gé aṣọ àfi tó bá kan ibi tí wọ́n ya ẹyẹ sí. Tí ìyẹ́ ẹyẹ yẹn bá dín ẹyọ kan, á kọjá lọ ni. Bó ṣe rí nìyẹn. Èyí tó ń jẹ́ EcoRI, GAATTC ló mọ̀. Èyí tó ń jẹ́ MstII, ó ń wá CCT, lẹ́tà yòówù kó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà AGG.

Wàyí o, sickle cell, tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, lẹ́tà kan ṣoṣo ló fà á. Níbi tí ara ti ń ka bó ṣe máa ṣe ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀, ti A ni CCTGAGG. Ti S, A yẹn ti di T, ó di CCTGTGG. MstII dé ibẹ̀, kò rí ẹyẹ rẹ̀, ó kọjá. Nítorí náà, ti A á já sí méjì, ọ̀kan á ní 1,150 lẹ́tà, ìkejì 200. Ti S ò ní já, 1,350 ló máa wà lódidi. Wọ́n á kó o sínú nǹkan kan tó dì bí ẹ̀kọ tútù, wọ́n á tan iná sí i. Èyí tó kúrú á sáré, èyí tó gùn á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. AA, kúkúrú nìkan. SS, gígùn nìkan. AS, méjèèjì, torí ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Ní 1978, Kan àti Dozy ní San Francisco kọ́kọ́ fi ẹ́ńsáìmù mìíràn ṣe é, MstII dé ní 1982.

Genotype tí à ń ṣe ní láàbù kì í ṣe eléyìí, ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi iná sáré níbẹ̀. Ọmọ inú oyún ò tíì ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà báyẹn, ìdí rèé tí wọ́n fi ń lo DNA. Ní LUTH, Idi-Araba, Èkó, àwọn dókítà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju ṣáájú bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n á mú díẹ̀ lára ibi ọmọ, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11. Nítorí náà, arábìnrin, ẹ má dúró di ìgbà tí ikùn bá yọ. Ó léwu díẹ̀, oyún lè bà jẹ́ nígbà mìíràn, ẹ jẹ́ kí dókítà là á yé yín kẹ́ ẹ tó gbà. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe lẹ́yìn èsì, ẹ̀yin àti ọkọ yín ló ni ín, kì í ṣe gúrúùpù yìí. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bú wọn níbí.

Ẹ tún gbọ́ o. AS pẹ̀lú AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kò dà bí àjọ, tí ẹni tó ti kó ti kó. Ẹni tó ti bí SS kan lè tún bí i. Ẹni tó bí AA mẹ́ta, ìkẹrin ò pọn dandan kó jẹ́ SS.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè nípa ìwòsàn òyìnbó, Casgevy lorúkọ ẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i ní November 2023, Amẹ́ríkà ní December. Cas9 ni àlùmọ́gàjí tiẹ̀, ara bakitéríà náà ló ti wá, àmọ́ èyí, èèyàn ló ń kọ àdírẹ́sì ibi tó máa gé fún un. Kò tún T yẹn ṣe o. Ibòmíràn ló ń gé, kí ara lè padà máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni iye tí wọ́n dá lé e fún ẹnì kan ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń ta "oògùn gene" fún yín nínú ìgò lọ́jà, ẹ bi í pé àlùmọ́gàjí wo ló wà nínú ẹ̀.

Ìyá SS2, kí ọmọ yín kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn sórí bébà gígùn méjì, ti A àti ti S, kó fi CCTGAGG sáàárín ọ̀kan, CCTGTGG sáàárín ìkejì, kó wá gé e bí MstII. Kó ya fọ́tò ẹ̀ sórí gúrúùpù, àwọn ọmọ tó kù máa rí i. Mò ń ti gúrúùpù ní aago mẹ́wàá.